Ìparí Tí Ìlú Kò Rí

Àpótí páànù, ó ti dípẹtà,
òórùn ọtí kíkan ló kọ́kọ́ kí wa.
Ọmọ Sáká tó ń tún rédíò ṣe l'Ayétòrò
ló bá wa wá ẹ̀rọ tó lè yí i.
A ta aṣọ ìbora funfun mọ́ ògiri pálọ̀,
a gbé Ìyá jókòó, a pa iná.

Ẹ̀pẹ́ yọ, dúdú òun funfun:
etí ọ̀sà ṣáá, kò tíì sí kọnkéré,
ẹnìkan ń fa àwọ̀n, kò bojú wẹ̀yìn.
Bísíríyù sì rìn wọlé,
ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
sìgá tí kò mọ̀ ọ́n mu lẹ́nu ẹ̀.

Èkó làwọn onísinimá ti wá lọ́dún náà.
Wọ́n ní àwọn ń wá ọmọ tójú ẹ̀ le.
Tiẹ̀ kò le; oorun ló ń kùn ún.
Wọ́n ní kó jí owó èsúsú ìyá ẹ̀ lábẹ́ ẹní,
kó bá ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ fọ́ ṣọ́ọ̀bù.
Náírà mẹ́rin ni wọ́n san, pẹ̀lú bàtà tó wọ̀ ṣeré.
Bísíríyù tí kì í bu ẹran nínú ìkòkò láìbèèrè!

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fi í hàn, ní pápá ilé-ìwé.
A rí olè, a rí ìgò tó fọ́, a pòṣé;
ibi tó ti fẹ́ máa sunkún ni òjò dé,
jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.
Kálukú gbé àga ẹ̀ lérí, ó sáré relé.

Wọ́n ní orúkọ a máa roni.
Èyí tí wọ́n yá ẹ lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́?
Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Àlàájì Lámídì sọnù,
ilẹ̀kùn wa ni wọ́n wá gbá.
Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí i l'Ẹ̀jìnrìn.
Bísíríyù ti bọ́ sọ́kọ̀ láàárọ̀.
Lẹ́tà kan wá láti Kútọnu. Kò sí òmíràn.

Ṣé ẹ rí i, ìparí wà.
Inú páànù ló wà láti ọjọ́ yìí wá:
ó da owó náà padà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan,
sọ́wọ́ obìnrin kan tí kì í ṣe ìyá wa,
ó dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde,
ó dìde, ó ń lọ sápá omi.

Aṣọ funfun padà di aṣọ.
Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ olè, kò sọ̀rọ̀ ìdáríjì.
Ó ní, "Bàtà yẹn há a lẹ́sẹ̀.
Mo sọ fún wọn nígbà náà.
Ẹ wo bó ṣe ń rìn."