Nọ́ńbà Mẹ́rin Tó Kẹ́yìn

Ní Duluth, létí adágún tó ń di yìnyín,
ilé ẹjọ́ àwọn tó wọko gbèsè wà ní àjà kẹrin.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà dúdú.
Òfin ní: nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí ìjọba fún èèyàn,
bo márùn-ún, fi mẹ́rin sílẹ̀.
Ọjọ́ ìbí, fi ọdún nìkan sílẹ̀.
Orúkọ ọmọdé, lẹ́tà méjì ti tó.
Ìyókù, ẹni tó bá ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá fún ojú ìwé kan
lè kà á títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Verna Kuusisto ṣe búrẹ́dì títí ààrò rẹ̀ fi kú.
Báńkì ò gba àlàyé.
Ó wá ka ohun ìní rẹ̀ sórí ìwé, lábẹ́ ìbúra:
ẹ̀wù òtútù méjì,
dùùrù àfọwọ́fà bàbá rẹ̀, bọ́tìnì mẹ́ta ti yọ,
ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́rọ̀, ti etí òsì,
òrùka ìgbéyàwó, ogójì dọ́là.
Ajá kan, arúgbó. Iye rẹ̀: òdo.

Mo bo nọ́ńbà márùn-ún.
Kò sí tàdáwà fún òrùka.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nídìí kọfí ṣọ́ọ̀ṣì,
Lorraine, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, fẹnu sún mọ́ ọn:
"Ogójì dọ́là péré lo pe òrùka ẹ̀gbọ́n ọkọ mi?"
Ife ò bọ́ lọ́wọ́ Verna.
Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́,
ó yọ ẹ̀rọ etí rẹ̀, ó fi sápò.

Mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá ìwé náà pa.
Inú ara mi ni mo ti sọ ọ́.
Àmọ́ ní Ọjọ́rú, Delbert Skalsky wọlé,
omi yìnyín ń ro láti bàtà rẹ̀.
Owó oṣù méjì ni ọ̀gá ilé ìṣẹ́ pákó jẹ ẹ́,
ọ̀gá ní òun ò ní kọ́bọ̀.
Delbert san sẹ́ǹtì mẹ́wàá, ó tún san mẹ́wàá,
títí dé ojú ìwé kẹtàdínlógójì:
ọkọ̀ ojú omi kan, tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sórúkọ àna rẹ̀.
Ó fìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ejò lọ́rùn mọ́lẹ̀.
"Ẹ bá mi tẹ èyí jáde."

Ilẹ̀kùn tó tú àṣírí Verna
ló bo ti Delbert. Kí ni kí n wí?

Verna padà wá, ó fẹ́ kí adájọ́ bo ìlà òrùka.
Lorraine ti tẹ tirẹ̀ jáde.
Ọmọ́yẹ ti wọjà kí ẹ̀wù tó dé.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ka ìwé náà lórí tábìlì mi.
"L.K. Ta nìyẹn?"
"Ìwọ ni."
"Ìyókù mi dà?"
Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó máa rí i.
Ó wo ìlà òrùka, ó gbé àtàǹpàkò lé e,
ó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá,
àfi ìgbà tí wọ́n pè é pé bọ́ọ̀sì ti dé.