Omi Inú Fúláàsì

Aago mẹ́rin ààbọ̀, Kubwa ṣì ń sùn.
Iná ti lọ láti àná, ọyẹ́ ló wọlé dípò rẹ̀,
ó ń fi èékánná họ fèrèsé.
Èmi nìkan ni mo dìde,
èmi àti fúláàsì mi aláwọ̀ ewé
tí ìdérí rẹ̀ sọnù nígbà tí Mosọ́rẹ ń rákòrò,
tí mo wá fi ìdérí ike ìpara dé e.

Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ràn jù nínú ilé yìí.
Bàbá wọn ra tẹlifísọ̀n tó fẹjú bí ilẹ̀kùn,
gbogbo àlejò ló ń yìn ín.
Ṣùgbọ́n ọmọ wo ni tẹlifísọ̀n ti bá mi wẹ̀ rí
lóṣù kejìlá?

Oyún Dámọ́lá wà nínú mi lọ́jọ́ tí mo rà á.
Ọkùnrin tó tà á lu ìdí rẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́.
"Wàláì," ó ní, "ọmọ inú yìí á gun kẹ̀kẹ́
kí nǹkan tó ṣe é."
Dámọ́lá ti ń gun kẹ̀kẹ́ ọlọ́kẹ̀kẹ́ káàkiri àdúgbò.

Omi á hó, ìdajì fún ògì,
ìdajì sínú fúláàsì, fún ara ọmọ mẹ́ta
tí kò sí èyí tó fẹ́ kí omi tútù kan òun.
Lẹ́yìn náà, òrí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Ṣakí.
Màá fi ra wọ́n títí ojúgun wọn á fi máa dán.
Bí kò bá sí òrí,
ọyẹ́ Abuja á kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́sẹ̀.

Ọṣẹ gígùn ńkọ́? Òwú ìránṣọ ni mo fi ń gé e sí mẹ́rin,
ẹyọ kan, ọ̀sẹ̀ kan.
Bó bá ti ku ẹyọ kan, mo mọ̀ pé owó oṣù ti dé Súbà,
ó ń bọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo ń bá Dáyyábù mẹ́rúwà
jiyàn owó kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lẹ́nu ọ̀nà
nígbà tí mo gbọ́ ìró kan.
Kì í ṣe ìró ńlá,
ó dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìkarawun ìgbín mọ́lẹ̀.
Dámọ́lá dúró láàárín omi àti dígí wẹ́wẹ́,
ó ń retí ohùn mi.
Mo wá ohùn náà. N kò rí i.
Mo ní, "Ṣé kò jó ọ?"
Ó mi orí.
Mo gbá dígí. Mo bá a so táì. Mo sáré lọ wọkọ̀.

Ní ọ́fíìsì, mo ń to fáìlì, omi ń bọ́ lójú mi.
Ngunan bi mí pé ta ló kú.
Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé fúláàsì ni?
Mo ní ọyẹ́ ni.

Aago mẹ́jọ kọjá kí n tó padà délé,
eruku ojú ọ̀nà kún etí mi.
Ilé dákẹ́. Àyà mi já:
ilé ọlọ́mọ mẹ́ta kì í ṣàdédé dákẹ́.
Mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó yí kúlà ká
bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun.
Mosọ́rẹ ṣí i.
Ìkòkò omi ni,
wọ́n fi ìró mi àtijọ́ wé e,
èyí tí mo fi pọn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
wọ́n sì ta á ní kókó lẹ́ẹ̀mejì
bí mo ṣe máa ń ta á.
"Láti aago mẹ́rin ni," Dámọ́lá wí.
"Tọ́misìn fẹ́ yọjú wò ó, a ò gbà fún un."

Wọ́n dá iná padà nígbà yẹn gan-an.
Kò sí ẹni tó rántí pariwo.

Mo gbé omi náà wọ balùwẹ̀, mo bù ú sí èjìká.
Kò gbóná. Ó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ ni.
Mo pẹ́ níbẹ̀.