Yàrá Ẹ̀yìn

Gbé ilẹ̀kùn náà sókè díẹ̀ kí o tó yí kọ́kọ́rọ́.
Òjò ọdún kan ló mú igi rẹ̀ wú.
Káfíńtà ní òun ń bọ̀ lọ́la;
ọ̀la yẹn ti pé ọdún mẹ́fà.

Dìlíni. Àbí n ò pè é dáadáa?
Lọ́jọ́ tí awakọ̀ yunifásítì já ọ sílẹ̀ l'Ókè-Báálẹ̀ níbí
pẹ̀lú àpótí méjì, àti àpò tó kún fún ìgò òfìfo,
mo rò pé ọtí lo fẹ́ máa tà.
O ní omi ni.
Omi Ọ̀ṣun lo fẹ́ máa bù,
lábẹ́ afárá, lẹ́yìn ilé ìpẹran,
kí o wo ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ojú wa ò rí.
Mo ní, háà, ọmọ mi,
èyí tí ojú wa rí gan-an ti pọ̀ tó.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ìwé rẹ sọ.
Mo fi bíírò kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.
Oṣù mẹ́sàn-án, oyún kan péré.
Èèyàn ò lè mọ Òṣogbo láàárín ìyẹn,
ṣùgbọ́n ó lè mọ kànga kan.
Nítorí náà, wá.
Má fa okùn rẹ̀ bí ẹni ń bínú.
Jẹ́ kí korobá dojú dé fúnra rẹ̀,
kó mumi yó, kí o tó fà á.
Tí iná bá dé lóru, tí gbogbo àdúgbò hó yèè,
má sá. Kì í ṣe olè.
Dìde, ki fóònù rẹ bọ iná, padà sùn.

Wọ́n ní ojú àlejò tóbi, kò fi ríran.
Ìwọ ń ka aláǹgbá ara ògiri mi,
o ní ọ̀kan ò nírù.

Ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, wọ́n ní fọ́tò mẹ́rin.
A kó mẹ́rin lọ. Wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbọdọ̀ pupa.
A tún padà lọ, oòrùn ń jó wa látàrí.
Akọ̀wé wò mí: "Kí ni ìyá yìí jẹ́ sí ọ?"
Kí n tó la ẹnu, o ti ní, "Màmá ilé."
Ọ̀rọ̀ méjì tí mo kọ́ ọ nítorí owó ilé,
ibo lo ti rí i tí o fi gbé e débẹ̀?

Àwọn ọmọ Lásún ń rẹ́rìn-ín
pé òyìnbó ń fọwọ́ jẹ ìrẹsì.
Mo ní ẹ panu mọ́, ta ló pè é ní òyìnbó?
Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílé wọn nìyẹn.
Mo fọwọ́. Mo jókòó tì ọ́.
Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tí mo ti lò láyé,
n ò mọ̀ pé ìka ń bu adùn kún ìrẹsì.

Jẹ́ kí n sọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí o ò gbọ́ ju ìdajì lọ.
Gbọ́lágadé ọmọ mi wà ní Finland, ọdún kan àtààbọ̀,
ẹ̀kọ́ kan tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀.
Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ mọ́ ọn síta.
Yìnyín ń bọ́. Bàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Ìyá arúgbó kan nísàlẹ̀ ṣílẹ̀kùn,
ó na ìbọ̀sẹ̀ onírun sí i,
kò sọ̀rọ̀,
ó tilẹ̀kùn padà.
N ò mọ orúkọ ìyá náà.
Ìbọ̀sẹ̀ yẹn ni n ò ṣe gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Lálẹ́ àná, iná ti lọ.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ nínú òkùnkùn, ìgò ń kan ìgò.
Mo ti lanu láti pariwo pé gbé e sókè.
O ti gbé e.

Káfíńtà yọjú láàárọ̀ yìí, tòun ti ayùn.
Mo ní kó padà wá lọ́la.