Àtùpà Méjì Láàrin Èrò

Aago mẹ́rin ìdájí, Saskatoon ń sùn lábẹ́ yìnyín.
Odò ti dì gbagidi, irin afárá ń payín keke.
Èmi nìkan ni mo jókòó sínú yàrá òkùnkùn yìí,
mo fojú lé ẹnu awò,
mò ń ka èrò tó wà níbi tí ojú lásán ò lè dé.

Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe àpò omi.
Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé tí mo kọ́kọ́ kà ṣe yà á:
róbótó kan, àmì mẹ́ta-mẹ́rin nínú rẹ̀, àyè gbalasa.
Irọ́ ni.
Inú ibẹ̀ há ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìkìrun lọ
lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé ilé Bàbá Àgbà,
tí a di mẹ́tàdínlógún lórí ẹní mẹ́rin:
bí ẹnì kan bá fẹ́ yí padà, gbogbo wa la ó yí.

Báwo lèèyàn ṣe ń wọn irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀?
O ò lè fọ́ ilé kí o tó ka àwọn tó fún mọ́ra nínú rẹ̀;
ká tó fọ́ ọ tán, wọ́n ti tú ká.
Amí la rán wọlé:
àtùpà méjì, ọ̀kan aláró, ọ̀kan oníyeyè,
okùn tó ń rọ̀ ló so wọ́n pọ̀ nídìí.
Níbi tí àyè bá wà, wọ́n á nasẹ̀,
aláró á máa tan tirẹ̀.
Níbi tí èrò bá ti fún wọn, tí èjìká kan èjìká,
aláró á gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lé èkejì lọ́wọ́
láìsọ̀rọ̀,
oníyeyè á sì mọ́lẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

Ní Oṣù Kọkànlá mo yọ ayọ̀ òfo.
Mo rò pé èrò ti dín kù nínú àwọn yíìsì mi,
àṣé omi inú wọn ló kan bí ògì ọlọ́jọ́ mẹ́rin,
ó pa oníyeyè lójú.
Lálẹ́ yìí mo da omi oníṣúgà lé wọn lórí.
Omi ara wọn sá jáde, wọ́n hunjọ bí ata gbígbẹ,
iye tó wà lójú kọ̀ǹpútà fò sókè.
Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Dókítà Thiessen. Àṣé òun náà ò tíì sùn.
Ó ní: «Ó dáa. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta.»

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ pẹ́.
Òtútù ti já sí méjìdínlógójì nísàlẹ̀ òdo.
Àwa méje la sá sábẹ́ àtíbàbà onígíláàsì,
àwa tí ìjókòó kan máa ń dá wa sí méjì lójoojúmọ́.
Apá ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwòsàn
kan apá mi. Kò yẹra.
Èmi náà ò yẹra.
Ẹnikẹ́ni tó bá fojú lé awò lókè yẹn,
n ò mọ iye tó máa rí kà.