Ilà Iwájú Orí

Nínú ìwé gbèsè bàbá bàbá mi,
èyí tí ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan,
ojú ewé kan wà tí kì í ṣe ti aṣọ nìkan.
Lókè: Wẹ́ndẹ́lì, òyìnbó Jámánì, Bùkúrù.
Kàkí ọ̀pá mẹ́ta. Ṣílè mẹ́rin. Kò tíì san.
Nísàlẹ̀, pẹ̀lú yíǹkì mìíràn:
Ìdíje márùn-ún. Góòlù mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n borí.

Oyèdòkun, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́,
ló ń ru aṣọ lórí láti Jọ́ọ̀sì dé ibi ìwakùsà,
tó ń tà á láwìn, tó ń retí ìparí oṣù.
Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá òyìnbó náà lábẹ́ ẹ̀rọ tó bàjẹ́,
epo dúdú dé ìgbọ̀nwọ́,
iwájú orí rẹ̀ ló tẹjú mọ́:
àpá mẹ́ta, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.
Ta ló rí ilà tí kò ní bèèrè?
"Ilà ilé baba ta lèyí?"
Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ó ní bọ́ọ̀lù ló kọ ọ́ fún òun.

Bọ́ọ̀lù ayé ìgbà náà, awọ ni,
okùn ni wọ́n fi ń dì í lẹ́nu bíi bàtà;
bí òjò bá rin ín, á wúwo bí ọmọ ọlọ.
Ẹni tó bá fi orí kàn án níbi okùn
á mú àpá relé.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kàn án bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọlé.
Ìkẹrin, ẹsẹ̀ ni. Kò fi àmì sílẹ̀,
kì í sì í fẹ́ sọ ọ́.

Irin ló ń rọ nígbà tí lẹ́tà dé:
máa bọ̀ wá ṣojú Jámánì,
mú bàtà rẹ dání,
owó ọkọ̀, san án ná, a ó máa wò ó.
Wọ́n ṣì ń wò ó.
Ọ̀gá ilé iṣẹ́ gé owó ọjọ́ méjì rẹ̀.
Góòlù mẹ́jọ ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà, wọ́n dá ọ̀kan padà,
ọ̀kan yẹn ni tirẹ̀.
Nínú ọkọ̀ ojú irin, lóru, títí ó fi délé,
kò nu ẹ̀jẹ̀ náà.

Ó ní fọ́tò kan, àwọn mọ́kànlá, wọ́n ká apá lé àyà.
Bó bá ti mu bùrùkùtù ilé Kachóllọ̀m,
á máa fi àtàǹpàkò bo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan:
èyí, ogun. Èyí, ogun. Èyí, ikọ́. Ogun.
Á ku mẹ́rin. Á da fọ́tò dojú bolẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, òun àti àwọn awakùsà,
igi méjì nínú iyanrìn ni ilé góòlù.
Orókún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́. Kì í sáré.
Bọ́ọ̀lù ló ń wá a wá.
"Má lé e," ó wí fún Oyèdòkun ní Hausa tó rọ lẹ́sẹ̀,
"mọ ibi tó ń lọ, kó o ti dè é níbẹ̀."
Bàbá bàbá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ṣòwò títí ó fi kọ́lé.

Ọyẹ́ ò tíì dé lọ́dún náà nígbà tí ọlọ́pàá dé.
Ogun kejì. Kó ẹrù tó o lè rù.
Oyèdòkun sáré dé ibùdókọ̀ rélùweè, kì í ṣe nítorí owó.
Láàárín ọlọ́pàá méjì, òyìnbó fi ìka kan iwájú orí,
ẹ̀ẹ̀mẹta.
Ọkọ̀ gbéra. Ta ni yóò sọ ibi tí wọ́n gbé e lọ
fún aláṣọ?

Lọ́dún tí a sin ín, bàbá mi fẹ́ fa gbèsè náà rẹ́.
Ìyá àgbà gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Pápá wọn ti di adágún; wọ́n wa kùsà, wọ́n lọ, òjò kún un.
Lánàá, ọmọ kan fa bọ́ọ̀lù jáde nínú omi ibẹ̀,
ó jù ú sókè, ó fi orí kàn án,
ó fọwọ́ kan iwájú orí, ó wo ọwọ́ náà,
ó tún sáré tẹ̀ lé e.