Ìwé Ìrìbọmi ní Kafanchan

Wọ́n ní l'Ábújá, ní ọ́fíìsì àwọn afẹ̀yìntì,
pé ọjọ́ orí bàbá mi ò dúró sójú kan.
Fáìlì kan ní ó ti lé lọ́gọ́rin, òmíràn ní ó kù díẹ̀.
"Ẹ lọ mú ẹ̀rí wá," ni akọ̀wé wí, ó ń bó ẹ̀pà.
Bàbá ní, "Àgùdà ni wá.
Àgùdà kì í bímọ kó má kọ ọ́ sílẹ̀.
Lọ sí Kafanchan."

A gba Kéffí, a gba Kwoi,
òjò ń tẹ̀ lé wa bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.
Rélùwéè tí Àjíbóyè, bàbá bàbá mi, ń dáná fún
ti sùn sínú koríko,
ewúrẹ́ ń jẹ̀ láàárín irin méjì.

Baba Katikíìsì, Zamani Bobai, ọmọ Kagoro,
ló gbé ìwé náà jáde,
ó kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ bí ẹni tó ń tẹ́ pẹpẹ.
Ó ní lọ́dún tí iná jó ìlú
inú dúróòmù ni wọ́n gbé e sí,
wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé àwọn Sísítà.
Ṣọ́ọ̀ṣì jó. Ìwé ò jó.

Gbogbo wa la wà níbẹ̀,
àwọn ará Jaba, àwọn Ìgbò, àwọn ará Ọ̀fà.
Ẹni tó mọ̀ pé ọdún eéṣú ni wọ́n bí òun, tí ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ,
Fàdá ará Ayálándì ti sọ ọ́ di déètì.
Ó fi orúkọ mímọ́ dé wa bíi fìlà tí ò ba orí mu:
Polikápù, Filomẹ́nà, Sipiríánì.
Ó kọ Oyèdìran bàbá mi
bí ẹni tí ànàmọ́ gbígbóná kún ẹnu rẹ̀:
Anselmus Oidiron.

Mo rí déètì. Ǹ bá dúpẹ́ kí n máa lọ.
Ṣùgbọ́n ìlà kan wà létí ojú ìwé, yíńkì pupa, Látìn.
Baba Bobai wọ gíláàsì.
Látìn tó fi ń dá Fàdá lóhùn lọ́mọdé ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀.
Ó tú u sí Haúsá, mo tú u sí Yorùbá nínú ara mi:
Ìyá ọmọ ni Àwẹ̀ró, aya kejì.
A ti rán an lọ. Bàbá ọmọ lè gba Kọmúníọ̀n wàyí.

Filomẹ́nà la mọ̀ ní ìyá bàbá mi,
Filomẹ́nà tó ń lọ aṣọ pẹpẹ,
tó fi owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sin Bàbá dé iléèwé àwọn Fàdá
títí Bàbá fi di tíṣà,
tó kọ́ ọmọ Àgùdà àti ọmọ Málàmù ní ìṣirò kan náà.
Mi ò lè pe oore yẹn ní irọ́. Mo jẹ nínú rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹnìkan wọ ọkọ̀ ojú irin,
wàrà ń kán lọ́mú rẹ̀,
kí Àjíbóyè lè la ẹnu lọ́jọ́ Ìsinmi
kí wọ́n fi àkàrà pẹlẹbẹ funfun lé e láhọ́n.

Baba Bobai ní, "Bàbá tèmi rán méjì lọ."
Ó pa ìwé dé.

L'Ábújá, akọ̀wé lu òǹtẹ̀. Kò ka etí ojú ìwé.
Lálẹ́, Bàbá ní kí n tún orúkọ náà pè. Mo tún un pè.
Ó béèrè bóyá wọ́n kọ ibi tó lọ.
Wọn ò kọ ọ́.

Nígbà tí Oṣù Bélú dé, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kúbwà
pín àpòòwé kí a kọ orúkọ àwọn òkú wa sí i.
Bàbá kọ Àjíbóyè. Ó kọ Filomẹ́nà.
Ó wá jókòó pẹ́, bíírò lọ́wọ́,
bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó má wo ti ẹnìkejì.
Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá,
ó fi àmì sórí, ó fi àmì sísàlẹ̀,
ohun tí Fàdá ò fi sí i:
ÀWẸ̀RÓ.
Ó la ẹnu,
ó fi ahọ́n lá etí àpòòwé,
ó lẹ̀ ẹ́ pa.