Yàrá Omi Sífáwù

Ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn èbúté,
Sífáwù sọ ahéré ìyanja ìyá rẹ̀
di òkùnkùn àmọ̀ọ́mọ̀dá.
"Bọ́ bàtà," ó wí. Mo bọ́ ọ.
Yanrìn tútù gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi.
Ìmọ́lẹ̀ ń mì lára ògiri bí ìpẹ́ ẹja,
omi ń dún níbi tí omi ò sí,
òórùn èéfín ọjọ́ pípẹ́ ṣì wà nínú igi àjà;
ìyẹn ò ná an ní kọ́bọ̀.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ọ?"
"Ìyá mi. Bí oníbàárà bá dé,
a fún un lómi, a fún un ní àpótí,
kí a tó dárúkọ owó."

Èmi tí mò ń ya àwòrán ilé ìgbẹ̀bí fún káńsù,
mo rántí bẹ́ǹṣì mi: irin, ó kọjú sí ògiri,
aláboyún mẹ́rìnlá, aago kan tó ti kú.

Lóru yẹn mo pa ògiri náà rẹ́.
Mo fa fèrèsé kan, ó ń wo ọ̀sà.
Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé: yanrìn?
Mo tún pa á rẹ́. Dókítà ò ní gbà.
Ṣùgbọ́n àpótí, àti omi mímu,
wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà
kí ẹnikẹ́ni tó béèrè káàdì.